San Owó Alágbàṣe Tó Wà Nínú Rẹ

Ọmọ mi, ìwọ tí o ń ránṣọ lẹ́bàá òpópónà ńlá Bantama, ìwọ tí o ń tajà ní ọjà Kejetia nílùú Kumasi, ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ òru ní Gee, ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye tó wà ládùúgbò wa níhìn-ín, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò wá kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí o ti ń jí kí àkùkọ tó kọ, o sì ti mọ̀ láti kékeré pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ohun tí o fi ń tu ara rẹ nínú tí ọ̀sẹ̀ bá parí, nítorí mo ti ń wò ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. O máa ń fi eré bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ojú rẹ á ti ṣú, ọwọ́ á ti wúwo, kọ́sítọ́mà á béèrè ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ìdáhùn rẹ á sì le. Ara kò kọ iṣẹ́. Ọkàn ló ń béèrè pé kí ni èmi máa rí níbẹ̀. Owó ń bọ̀, lóòótọ́, àmọ́ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ ni ó ti ní olówó: owó ilé, owó iná, owó ìwé àbúrò, èyí tí o máa fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí a kọ orúkọ rẹ sí.

Nígbà tí mo gbé lọ́dọ̀ bàbá ìyá mi lóko, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí bí wọ́n ṣe ń gba alágbàṣe. A kì í kàn nawọ́ pe ènìyàn wọ oko. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró létí ilẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó le tàbí ó rọ̀, wọ́n á dúnàá-dúrà lórí iye ebè, igba ebè ni iye báyìí, oúnjẹ ọ̀sán báyìí ni yóò bá a lọ, gbogbo rẹ̀ á yé tọ̀tún-tòsì kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bàbá á rìn yí àwọn ebè náà ká, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn wò bóyá wọ́n dúró, á sì ka owó sí alágbàṣe lọ́wọ́. Ẹni tó bá san gbogbo owó láàárọ̀, ebè rẹ̀ kì í ga. Ẹni tó bá sì ní kí alágbàṣe padà wá gbowó lọ́túnla, tí ọ̀túnla di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù, yóò wá alágbàṣe tì lọ́dún kejì, nítorí ọ̀rọ̀ á ti tàn kálẹ̀ ní gbogbo abà.

Ọmọ mi, nínú ìwọ nìkan ṣoṣo, ènìyàn méjì ló wà, ọ̀gá tó ń pàṣẹ àti alágbàṣe tó ń gbé ọkọ́. Ọ̀gá ló ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé bí a bá parí iṣẹ́ yìí, a ó sinmi, a ó jẹ ohun tó wù wá, a ó lọ kí ọ̀rẹ́ wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta á dé, iṣẹ́ á parí, ọ̀gá á ní kí a tún fi iṣẹ́ kan lé e. Alágbàṣe á gbà lẹ́ẹ̀kan, á gbà lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò ní bá ọ jà, ẹsẹ̀ lásán ni yóò máa wọ́. Ohun tí o ń pè ní ọ̀lẹ nínú ara rẹ lọ́jọ́ mìíràn, alágbàṣe ló wá ń béèrè gbèsè tí o jẹ ẹ́.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Bí ẹnì kan bá bẹ ọ̀wẹ̀ láti mọlé tàbí láti kórè, kì í san owó, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń lọ sí ọ̀wẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń dúró dè é níbẹ̀: iyán àti ẹmu. Àwọn obìnrin á ti dáná sábẹ́ igi láti òwúrọ̀, òórùn ọbẹ̀ á máa fẹ́ wá sínú oko, tí ọmọ odó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọwọ́ àwọn ọkùnrin á yá sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ wọn. Kíyè sí i pé wọn kì í fi oúnjẹ náà pamọ́ kí ó lè ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n ń jẹ́ kí a gbọ́ ọ, kí a sì gbóòórùn rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, nítorí ohun tí a kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́ lórí iṣẹ́, bó ti wù kí ó dùn tó nígbà tó bá dé.

Ìlú Kumasi tí o wà náà mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ìránṣọ ni mo ṣe jẹun ní Bantama, ẹni tó bá sì ránṣọ nílùú yìí mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀gá gbogbo télọ̀. Ọjọ́ ìsìnkú ni. Ẹbí tó ń ṣòkú á wọ dúdú àti pupa, tó bá sì di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wọ dúdú tó ní funfun nínú. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò lórí máṣíìnì kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, nítorí kò sí ẹbí tó máa sún òkú síwájú nítorí télọ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti máa ń tòògbé lórí aṣọ, ẹ̀yìn á máa ro wọ́n, abẹ́rẹ́ á máa gún wọn níka. Èmi náà á máa sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi kọ́ ló ń gbé wọn dé ìparí. Omo tuo ni.

Bí o bá jẹ́ àlejò ní Ghana, jẹ́ kí n là á yé ọ. Ìrẹsì ni wọ́n ń sè títí á fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ọmọrogùn rò ó pọ̀ nínú ìkòkò, wọ́n á fi omi tútù pa ọwọ́, wọ́n á sì mọ ọ́n róbótó-róbótó, kí wọ́n tó gbé e sínú ọbẹ̀ ẹ̀pà tàbí ọbẹ̀ ẹyìn pẹ̀lú ẹran. Ìrẹsì wà lójoojúmọ́, ẹ̀pà wà lójoojúmọ́, kò sì ṣòro sè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ búkà kì í tà á àfi lọ́jọ́ Àìkú. Tó bá di ọjọ́ náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èrò á tò lọ bẹẹrẹ, ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́sẹ̀, ìdí ìkòkò ni yóò bá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́, tó máa ń yọ owó omo tuo rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ Ajé, á so ó mọ́ etí ìró, á sì máa fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń tẹ máṣíìnì. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń ráhùn, òun á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá, ó ti ń kù díẹ̀." Aṣọ tí ọmọ yìí rán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojú rírán rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú, mo yẹ̀ ẹ́ wò lóde, mo sì kọ́gbọ́n lára ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún ju bí o ṣe rò lọ. Àwọn Yorùbá tó ṣáájú wa dé ilẹ̀ yìí, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin, láti Ọ̀fà, láti Ṣakí, òṣìṣẹ́ paraku ni wọ́n. Wọ́n ru ẹrù lórí, wọ́n tajà láti ìlú dé ìlú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ sì ti kó gbogbo ìgbádùn wọn sí ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí a bá padà sílé. Nígbà náà ni a ó jẹran tẹ́rùn, nígbà náà ni a ó wọ aṣọ òkè tó wà nísàlẹ̀ àpótí, nígbà náà ni a ó sùn tí ilẹ̀ á fi mọ́ bá wa lórí ibùsùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia gbé òfin jáde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Ghana. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ mi. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí ọjà tí wọ́n tà lọ́pọ̀, mo rántí gbèsè tí onígbèsè kò san nítorí ó mọ̀ pé olówó ń lọ, mo rántí ọkọ̀ tí ẹrù kún dé òrùlé. Ìrìn yẹn ló gbé mi dé oko bàbá ìyá mi. Ọjọ́ ìpadàbọ̀ tí wọ́n ti ń fi gbogbo ayọ̀ dè láti ọdún pípẹ́ wá, ẹkún ni wọ́n fi rìn ín.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. N kò ní sọ láé pé kí a má ṣe fi owó pamọ́, nítorí ilé tí àwọn kan ti fi owó Ghana kọ́ sílé ló gbà wọ́n nígbà tí wọ́n dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún láìsan owó ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo fún alágbàṣe inú rẹ̀ ti fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ọjọ́ kan tí kò mọ̀ bóyá yóò dé, kò sì mọ̀ bí yóò ṣe dé.

Àwọn Asante tó gbà wá lálejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 42, ọjọ́ Àìkú kan á dé tí wọ́n ń pè ní Akwasidae. Asantehene, ọba wọn, á jáde jókòó ní ààfin Manhyia, àwọn ìjòyè á wá lábẹ́ agboòrùn ńlá, ìlù fontomfrom á máa dún. Ọjọ́ ìrántí àwọn baba ńlá wọn ni, ó ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, n kò sì fi í wé àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n wò ó pé ọjọ́ náà ti wà nínú kàlẹ́ńdà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàgbà-tèwe ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ pọ̀, kí a sún un di ọdún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, kí o tó gbé ọkọ́, bá alágbàṣe rẹ dúnàá-dúrà. Má ṣe sọ pé màá ṣe nǹkan dáadáa fún ara mi, nítorí kò sí alágbàṣe tó ń kọ ebè nítorí nǹkan dáadáa. Dárúkọ iṣẹ́ náà, kí o sì dárúkọ ohun tí o máa fi san án: bí aṣọ mẹ́fà yìí bá jáde, tí mo sì ṣírò ìwé ọjà dé ojú ewé tó kẹ́yìn, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, omo tuo ọlọ́bẹ̀ ẹ̀pà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí ó kéré. Bí a gúnyán nínú odó, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ohun tí a ń fi owó rà pàápàá. Ó lè jẹ́ oorun ọ̀sán tí fóònù kò ní dún sí, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Kotoko tí o máa lọ wò ní pápá Baba Yara, ó lè jẹ́ irun tí o máa fara balẹ̀ dì lọ́dọ̀ onídìrí tó mọ ọ́n dì, ó lè jẹ́ wákàtí kan pẹ̀lú ìyá rẹ lórí fóònù, láìsí pé o ń fi ojú kan wo iṣẹ́.

Bí ó bá sì máa gba owó, jẹ́ kí owó náà ní àpò tirẹ̀. Ìwọ náà mọ agbasúsú tó ń yí ọjà Bantama ká pẹ̀lú káàdì, tó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́, tí yóò yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀ nígbà tí oṣù bá parí, tí yóò sì kó ìyókù fún ọ. Owó yẹn, ti ọjà àti ti ilé ni, má fọwọ́ kàn án nítorí ọ̀fun. Ti ọjọ́ Àìkú, yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ Ajé, nínú kóló tàbí nínú MoMo orí fóònù rẹ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ń so ó mọ́ etí ìró. Ìgbádùn ọ̀sẹ̀ yìí tó bá ń jẹ owó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́ mọ́. Àti ìwọ ọmọ mi ọkùnrin tí o ń yà sí ilé tẹ́tẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, jọ̀wọ́, fetí sí mi. Alágbàṣe tó ti kọ igba ebè kò gbọdọ̀ tún máa gbàdúrà kí bọ́ọ̀lù wọlé kí ó tó rí owó rẹ̀ gbà. O ti laagùn, owó rẹ ti pé. Má ṣe tún fi í ta tẹ́tẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ohun tó sún mọ́ àdéhùn ọ̀gá àti alágbàṣe yìí wò. Ní ọdún 2014, Katherine Milkman ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtàn aládùn tí a kà sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá nìkan ni wọ́n ti lè gbọ́ ọ, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìtàn ṣe máa parí lè wá laagùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lílọ wọn fi ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsinmi Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ní oṣù Kọkànlá, agbára àdéhùn náà ti rọ. Apá ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí o dì mú. Lẹ́yìn Kérésì, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, lẹ́yìn àìsàn, lẹ́yìn ìsìnkú tó gbé ọ lọ sílé, má rò pé àdéhùn àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Padà lọ dúró létí oko, kí o tún dúnàá-dúrà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà, ó sì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Stanford, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àti máa yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán. Àwọn kan gba ìwé ẹ̀yẹ náà láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn kan kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àwọn tí a ti ṣèlérí fún kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan àwòrán mọ́ bíi ti àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n ń fi ayọ̀ ṣe ti di iṣẹ́ owó. Ọmọ mi, bí apá kan bá wà nínú iṣẹ́ rẹ tó ń mú inú rẹ dùn fúnra rẹ̀, jọ̀wọ́, má dárúkọ owó sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, bí ó bá jẹ́ ọnà ni wọ́n ní kí ó fi òwú ṣe sí ọrùn bùbá, kì í rántí oúnjẹ, kì í rántí àkókò, a ní láti máa pè é kí ó tó gbé orí sókè. Omo tuo wà fún aṣọ ìsìnkú tó jọra wọn, ìró kan náà, bùbá kan náà, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti le, tí kò sì ládùn, ni kí o gbé owó alágbàṣe sí.

Wàyí o, bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá dé tí iṣẹ́ kò parí ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àwọn kan á san owó náà síbẹ̀, wọ́n á ní ara wọn ló mọ̀. Àwọn mìíràn á bú ara wọn títí wọn kò fi ní fẹ́ dá àdéhùn kankan mọ́. Ṣe é bí bàbá ìyá mi ṣe ń ṣe é: lọ yí àwọn ebè náà ká, kí o wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dumsor ló dé, tí iná mànàmáná lọ láti àárọ̀, tí áyọ́ọ̀nù kò gbóná, tí máṣíìnì oníná kò yí, tí ìwọ jókòó síbẹ̀ tí o fi ọwọ́ rán èyí tí ọwọ́ lè rán, san án ní kíkún. Mo rí bàbá tó san owó alágbàṣe tí òjò lé kúrò lóko. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ jí, ó wá, òun kò sì ní jẹ́ kí ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá jẹ́ pé ebè ló pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, tí o kọ aṣọ mẹ́fà sílẹ̀ nígbà tí apá rẹ ká mẹ́rin, ọ̀gá ló jẹ̀bi. San án, kí o sì dín iṣẹ́ kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé fóònù ni o fi ọ̀sán mẹ́ta tẹ̀, tí aṣọ aláṣọ wà nílẹ̀, má san án. Má bú u pẹ̀lú. Jẹ oúnjẹ ilé lọ́jọ́ Àìkú náà, lọ bá aláṣọ, kí o bẹ̀ ẹ́ fún ìdádúró, tètè sùn, ṣùgbọ́n kí o tó sùn, sọ fún alágbàṣe rẹ iye ebè tó wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tuntun, ohun tí yóò gbà, àti ọjọ́ tí yóò gbà á.